Mẹ́rin Nínú Àpótí: Ìṣẹ̀lẹ̀ KOTO, Bí A Ṣe Tú U Palẹ̀ Ní Àjàṣẹ́

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí pátíkù tí à ń pè ní káọ́ọ̀nù ṣe ìpàdé ní Perugia, ní Ítálì. Ibẹ̀ ni àwọn ará KOTO, ìwádìí kan tó ń wá ìtúká káọ́ọ̀nù tó ṣọ̀wọ́n, tí ẹ̀rọ wọn wà ní Tokai ní Japan, ti sọ pé àwọn ti ṣí àpótí tí àwọn tì pa, ìyẹn apá kan nínú dátà wọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò, àwọn sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n ti ṣírò iye ayédèrú, ìyẹn ohun mìíràn tó kàn jọ ohun tí wọ́n ń wá, tó lè ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀: 0.05. Ojúlówó tó yẹ kí wọ́n retí, bí ohun tí a ti mọ̀ nípa pátíkù bá pé, kò tó 0.05 pàápàá. Mẹ́rin ni wọ́n rí.

Ẹni tó bá mọ ìṣirò Poisson, èyí tí a fi ń mọ bí ohun tó ṣọ̀wọ́n ṣe lè ṣẹlẹ̀ tó, lè ṣe èyí fúnra rẹ̀. Bí ayédèrú bá jẹ́ 0.05 lóòótọ́, kí òun nìkan tó bí mẹ́rin, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́rin ni.

Àwa kan wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin tí a máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti sọ̀rọ̀ fisíìkì: olùkọ́ líísè (ilé ẹ̀kọ́ girama) díẹ̀, àwọn ọmọ tẹ́míná, kíláàsì ìkẹyìn níbẹ̀, tó ń múra fún ìdánwò bàákì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti fisíìkì, ní Dangbo wá, àti bàbá kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́bàá ọjà Wàǹdó, tí kì í pa ìpàdé jẹ. Faransé la fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì, ṣùgbọ́n Yorùbá la fi ń jiyàn lé e lórí. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ KOTO wá. Mo sọ ohun gbogbo fún wọn títí dé Perugia, mo sì fi ìyókù pamọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè sọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ọdún 1947 ni Rochester àti Butler rí káọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní Manchester, láti inú ìtànṣán tó ń ti òfuurufú wá. Nínú ìdílé káọ́ọ̀nù, ọ̀kan wà tí kò ní iná mànàmáná lára, tó sì pẹ́ láyé ju ìkejì rẹ̀ lọ. KL ni wọ́n ń pè é. Pípẹ́ tí à ń wí yìí, bíi ìdá 51 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ni. Lẹ́yìn náà ó túká. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ń túká sí páíọ́ọ̀nù (pátíkù tó fúyẹ́ ju káọ́ọ̀nù lọ) mẹ́ta, tàbí sí páíọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tàbí múọ́ọ̀nù (ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wúwo jù ú lọ) àti nútírínò (pátíkù tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun). Ní 1964, Cronin àti Fitch pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà pé bíi 2 nínú 1,000 ń túká sí páíọ́ọ̀nù méjì péré, ohun tí àwọn àgbà onímọ̀ ìgbà náà gbà pé kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1980 ti ibẹ̀ wá.

Èyí tí KOTO ń wá ṣọ̀wọ́n ju ìyẹn lọ fíìfíì. Kí KL túká sí páíọ́ọ̀nù kan tí kò ní iná, pẹ̀lú nútírínò kan àti òdì nútírínò kan. Àgbékalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ pátíkù ń lò, Standard Model, sọ pé 3 nínú bílíọ̀nù 100 ni, àṣìṣe inú ìṣirò yẹn kò sì ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Littenberg ti sọ láti 1989 pé ó yẹ kí a wá a. Ìdí tí ó fi wu ènìyàn ni pé ìṣirò rẹ̀ mọ́ kedere. Bí pátíkù wíwúwo kan bá wà tí kò sí ẹ̀rọ tó tíì lágbára tó láti dá a, ó lè fọwọ́ kan irú ìtúká yìí láti ẹ̀yìn wá, kí iye rẹ̀ sì lé sí i tàbí kó dín. Kò sí ibi púpọ̀ nínú fisíìkì tí ohun tí a kò tíì rí ti lè fi ara rẹ̀ hàn báyìí.

Ìṣòro rẹ̀ wà nínú bí a ṣe máa mọ̀ ọ́n tí a bá rí i. Ní J-PARC ní Tokai, wọ́n ń fi prótọ́ọ̀nù tó ní agbára 30 GeV lu wúrà. Oríṣiríṣi pátíkù ń tú jáde. Wọ́n mú àwọn tí kò ní iná gba ọ̀nà tóóró kan tó gùn tó nǹkan bí mítà 20, mágnẹ́ẹ̀tì sì ń gbá àwọn tó ní iná dànù lójú ọ̀nà. Níwájú ni ògiri kírísítà síísíọ́mù áyódáìdì wà, 2,716 ni kírísítà rẹ̀, láti ìwádìí KTeV ní Fermilab ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti kó wọn wá. Nútírínò méjèèjì máa kọjá lọ láìsí ẹ̀rọ tó rí wọn. Páíọ́ọ̀nù náà máa di fótọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn pátíkù ìmọ́lẹ̀, fótọ́ọ̀nù méjèèjì á sì lu ògiri. Ohun tí a máa rí kò ju ìyẹn lọ: fótọ́ọ̀nù méjì, àti ìdákẹ́jẹ́ níbi gbogbo yòókù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi to ẹ̀rọ aṣọ́nà yí gbogbo ibi tí káọ́ọ̀nù ti ń túká ká. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ké, wọ́n ju ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn nù. Ẹ̀rí ohun tí wọ́n ń wá ni pé kò sí ẹ̀rí ohun mìíràn.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé e. Bí KL bá túká sí páíọ́ọ̀nù méjì tí kò ní iná, fótọ́ọ̀nù mẹ́rin ni yóò jáde. Tí aṣọ́nà bá pàdánù méjì nínú wọn, méjì tó kù á jọ ojúlówó. Nútúrọ́ọ̀nù tó ṣìnà lè lu ògiri kó sì fara jọ fótọ́ọ̀nù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí à ń wá ṣọ̀wọ́n ju gbogbo wọn lọ. Nítorí náà, wọ́n ń ṣírò nǹkan méjì fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ibi tí páíọ́ọ̀nù ti jáde lójú ọ̀nà, àti bí ìrìn rẹ̀ ṣe yà sí ẹ̀gbẹ́ tó. Nútírínò tó bá lọ ti gbé ìpín tirẹ̀ lọ, nítorí náà páíọ́ọ̀nù ojúlówó máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an. Lórí pépà tí wọ́n fi nǹkan méjèèjì yìí yà, wọ́n pààlà ibì kan, wọ́n sì bò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀ títí wọ́n á fi parí ìlànà ìyẹ̀wò wọn, tí wọ́n á sì ti kọ iye ayédèrú sílẹ̀. Àpótí náà nìyẹn. Wọ́n ń bò ó kí ọkàn wọn má bàa máa ti ìlànà síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Dátà ọdún 2016, 2017 àti 2018 ló wà nínú èyí tí wọ́n ṣí.

Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló kàn, ariyanjiyan bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Kétu ní òun ì bá má sọ fún ẹnikẹ́ni títí ara òun á fi balẹ̀, nítorí bí ìròyìn bá ti jáde, kò ṣeé kó padà. Ọmọbìnrin kan tó wà ní tẹ́míná ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá fi pamọ́, a ò ní mọ̀ bóyá mẹ́rin náà ni wọ́n rí lóòótọ́ tàbí wọ́n ti yọ díẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.” Èmi gbè sí ẹ̀yìn ọmọ yìí, mo sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di òní. Bàbá alátúnṣe rédíò kò dá sí i títí àwọn yòókù fi sọ tẹnu wọn tán. Ó wá béèrè pé: “0.05 yẹn, ta ló kà á? Ayédèrú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kà. Ní Wàǹdó, owó ayédèrú tí ìyá ọlọ́jà ti rí rí kì í kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí kò rí rí ló ń kọjá.”

Kò tíì ka ohunkóhun nípa KOTO rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bá ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fisíìkì ṣe, nítorí àwọn náà kò jókòó lásán. Onímọ̀ márùn-ún, Kitahara, Okui, Perez, Soreq àti Tobioka, ṣírò pé bí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí bá jẹ́ ojúlówó, ìtúká yìí ń ṣẹlẹ̀ bíi 2 nínú bílíọ̀nù kan, ìyẹn bíi ìlọ́po 70 ohun tí Standard Model wí. Òfin kan sì wà tí Grossman àti Nir fi lélẹ̀ ní 1997: iye ti KL kò lè ju nǹkan bí ìlọ́po 4.3 iye ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní iná lọ. NA62, ìwádìí mìíràn ní ilé iṣẹ́ CERN ní Yúróòpù, ń wá ìtúká ti ẹlẹgbẹ́ yẹn, wọ́n sì ti fi hàn nígbà náà pé kò ju nǹkan bí 1.85 nínú bílíọ̀nù 10 lọ. Ẹ fi 4.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ò ní dé ìdajì 2 nínú bílíọ̀nù kan. Kí méjèèjì tó lè jóòótọ́, ó máa gba nǹkan àràmàǹdà, bíi pátíkù tuntun kan tó fúyẹ́, tí ẹ̀rọ kan lè rí ipa rẹ̀ kí èkejì má rí i. Mi ò dá àwọn tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Iṣẹ́ wọn ni láti wo ibi tí ọ̀nà lè gbà, wọ́n sì sọ ọ́ ní “bí ó bá rí bẹ́ẹ̀”.

Ní KOTO, wọ́n padà sórí mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i pé ètò kan nínú ìṣirò wọn kò tọ́. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ọ̀kan nínú mẹ́rin bọ́ jáde. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó ku mẹ́ta.

Mẹ́ta pàápàá, sí 0.05, ó ṣì pọ̀ jù. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè bàbá Wàǹdó: ayédèrú wo la ò kà? Ọ̀kan tí wọ́n rí ya èmi lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún pátíkù aláìní-iná, káọ́ọ̀nù tó ní iná wà nínú rẹ̀. Báwo ló ṣe débẹ̀, nígbà tí mágnẹ́ẹ̀tì ti gbá wọn dànù? KL fúnra rẹ̀ ló ń bí i. KL tó bá lu irin tó ń fún ọ̀nà mọ́ra, lẹ́yìn tí ó ti kọjá mágnẹ́ẹ̀tì, lè yí padà di èyí tó ní iná. Káọ́ọ̀nù oníná yìí, bíi 5 nínú 100 rẹ̀, ń túká sí páíọ́ọ̀nù aláìní-iná, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti nútírínò. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà bá sá sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kékeré, tí aṣọ́nà kò sì rí i, ohun tó kù ni páíọ́ọ̀nù tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí nútírínò. Ó jọ ojúlówó láti orí dé ẹsẹ̀. Iye káọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ kò ju díẹ̀ nínú 100,000 KL lọ, ó sì tó láti da gbogbo ìṣirò rú.

Ìkejì ni KL tó fọ́n kúrò lójú ọ̀nà, tó wá túká sí fótọ́ọ̀nù méjì. Bó bá wà lójú ọ̀nà tààrà, fótọ́ọ̀nù méjèèjì máa bá ara wọn mu, ìṣirò á sì sọ pé kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n tí KL fúnra rẹ̀ bá ti kúrò lójú ọ̀nà, ìṣirò á rò pé páíọ́ọ̀nù ló yà.

Iye tí wọ́n rí: káọ́ọ̀nù oníná, 0.87, KL tó fọ́n, 0.26, àwọn ayédèrú yòókù, díẹ̀ díẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀, 1.22, pẹ̀lú àìdánilójú 0.26. A jọ ṣe ìyókù lórí pátákó. Kí ìkankan má ṣẹlẹ̀ nígbà tí à ń retí 1.22, 0.295. Kí ọ̀kan ṣẹlẹ̀, 0.360. Kí méjì ṣẹlẹ̀, 0.220. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 0.875. Ohun tó kù fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni 0.125, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Láti ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́rin, a ti dé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Ní 2021, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn fisíìkì Physical Review Letters pé ohun tí àwọn rí kò ta ko ayédèrú, àti pé ìtúká náà, bó bá wà, kò ju 4.9 nínú bílíọ̀nù kan lọ, pẹ̀lú ìdánilójú 90 nínú 100.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Dangbo kò gbà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣí àpótí kí wọ́n tó wá ayédèrú tuntun. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi pa mẹ́ta náà ni? Bí àpótí bá ṣófo, ta ni ì bá lọ wá káọ́ọ̀nù oníná?” Ọ̀rọ̀ gidi ni, ó sì dùn mọ́ mi pé ó ti ẹnu ọmọdé jáde. Òótọ́ ni pé àpótí tó ṣófo ì bá mú ọkàn wọn balẹ̀ sí ìṣirò tó ní ihò. Òótọ́ tún ni pé ẹni tó ti mọ ìdáhùn tó fẹ́ lè rí àwáwí fún ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dé 0.87. Wọn kò mú un láti inú èrò. Ní 2020, wọ́n gbé ẹ̀rọ sójú ọ̀nà, wọ́n sì wọn káọ́ọ̀nù oníná fúnra rẹ̀, pẹ̀lú dátà tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú mẹ́ta tó wà nínú àpótí. Iye tí wọ́n bá jáde lè kéré, kí mẹ́ta náà sì di ohun ńlá. Àwáwí kì í gbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà tó lè dójú tì í. Èyí gbà á. Wọ́n sì tún lọ síwájú: wọ́n ṣe aṣọ́nà tuntun kan láti inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ nígbà tí pátíkù oníná bá gbà á kọjá, wọ́n sì gbé e sójú ọ̀nà gan-an, kí káọ́ọ̀nù oníná tó bá ń bọ̀ lè ké. Bí àlàyé wọn bá tọ́, ayédèrú á dín púpọ̀. Bí mẹ́ta náà bá jẹ́ ojúlówó, aṣọ́nà yìí kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n á tún yọjú nínú dátà tó kàn.

Dátà ọdún 2021 ni wọ́n fi dán an wò. Ayédèrú tí wọ́n retí, bíi 0.25. Wọ́n ṣí àpótí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àbájáde yẹn jáde ní 2025: kò ju 2.2 nínú bílíọ̀nù kan lọ.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ tẹ́míná kò tètè gbà, ó sì yẹ kí olùkọ́ tó bá fẹ́ lo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí múra sílẹ̀ fún un. Dátà 2015 ti sọ pé kò ju 3 nínú bílíọ̀nù kan lọ. Dátà 2016 sí 2018 pọ̀ ju ti 2015 lọ, síbẹ̀ ó wá sọ pé kò ju 4.9 lọ. Ṣé iṣẹ́ ń padà sẹ́yìn ni? Rárá o. Bí a kò bá rí nǹkan kan, ojúlówó tó lè wà níbẹ̀ kí ojú wa má tó o, pẹ̀lú ìdánilójú 90, jẹ́ 2.3. Bí a bá rí mẹ́ta, tí a kò sì yọ ayédèrú kúrò, ó di 6.68. Nínú dátà 2016 sí 2018, ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré dúró fún 7.2 nínú bílíọ̀nù 10. Ẹ sọ 6.68 di púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ máa rí bíi 4.8 nínú bílíọ̀nù kan, àìdánilójú ló gbé e dé 4.9. Fún 2021, ìṣẹ̀lẹ̀ kan dúró fún 9.33 nínú bílíọ̀nù 10, ìyẹn kéré sí ti tẹ́lẹ̀ nínú agbára, síbẹ̀ bí ẹ bá fi 2.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ máa rí 2.15 nínú bílíọ̀nù kan. Àpótí tó ṣófo sọ ju àpótí tó ní mẹ́ta lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin tẹ́míná yẹn ṣe ìṣirò yìí dé òpin lórí pátákó láìsí ìrànlọ́wọ́, inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí lọ.

Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ìròyìn KOTO “já sí asán”. Ó dùn mí láti kà á. Àwọn ènìyàn yìí sọ mẹ́rin ní gbangba nígbà tí mẹ́rin lè sọ wọ́n di olókìkí, wọ́n sọ mẹ́ta ní gbangba nígbà tí ó já ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì sọ 1.22 nígbà tí ó bo mẹ́ta tó kù mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ aṣọ́nà tuntun. Bí mo bá ní ọmọ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ọwọ́ irú wọn ni mo fẹ́ kó ti kọ́ ọ.

Láti 2.2 nínú bílíọ̀nù kan dé 3 nínú bílíọ̀nù 100, ó ṣì ju ìlọ́po 70 lọ. KOTO ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti gbé ètò KOTO II kalẹ̀ láti lè rí ojúlówó púpọ̀. Ẹlẹgbẹ́ oníná ní tirẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́: ní 2024, NA62 kéde pé àwọn ti rí i kọjá iyèméjì, 13 nínú bílíọ̀nù 100. Ìṣẹ̀lẹ̀ 51 ni wọ́n kà, wọ́n sì ṣírò pé ayédèrú tó bíi 18 wà nínú rẹ̀. Èyí ni a máa tú palẹ̀ tẹ̀lé KOTO, bàbá Wàǹdó sì ti ní kí n wá mọ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ka 18 náà.